Ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko: ohun tí ojú mi rí lórí ìwé ìdánimọ̀ ní Ítálì

Ẹ̀gbọ́n mi rán ọmọ ẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dèjì lorúkọ ẹ̀, ó fẹ́ lọ kàwé sí i nílẹ̀ Yúróòpù, bàbá ẹ̀ wá ní kó wá bá mi ní Ìsọ̀kùn kí n là á yé e. Ó gbé fáìlì pupa kan dání, a tẹ́ ẹní sí páálọ̀, a da gbogbo ìwé tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀. NIN ẹ̀ ń jẹ́ Ayodeji Samuel. WAEC ẹ̀ ń jẹ́ Samuel Ayodeji. Sátífíkéètì yunifásítì ẹ̀ ń jẹ́ Samuel Ayodeji, ìwé ìbí tí wọ́n gbà fún un nígbà tó wà lọ́mọdé ń jẹ́ Samuel Ayo. Mo wojú ẹ̀, mo ní, "Dèjì, èwo nínú àwọn wọ̀nyí ló ń lọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, èmi náà ni gbogbo wọn ná."

Ẹ̀rín yẹn gan-an lèmi náà rín lọ́dún 2021 kí n tó wọ bàálù lọ sí Ítálì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí níbí. Níbí ní Iléṣà, tí mo bá wọ ọjà Àtàkúnmọ̀sà tí owó ọwọ́ mi ò pé, ohun tí wọ́n máa bi mí ni pé ọmọ ta ni mí. Màá ní ọmọ Ìyá Aláṣọ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe, wọ́n á di ọjà fún mi, wọ́n á ní kí n bá wọn kí màmá. Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló, ó ta aṣọ láwìn káàkiri, kò gba ID káàdì lọ́wọ́ ẹnì kankan, ojú ló fi ń dá onígbèsè ẹ̀ mọ̀, tí àdéhùn bá pé á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni náà títí onítọ̀hún á fi sanwó. Ìdánimọ̀ tiwa nìyẹn, ojú àti orúkọ ìyá. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí wọ́n ń gbà ní Ítálì.

Gbogbo wàhálà tá a máa ń ṣe kẹ́nì kan tó lọ, orí físà la máa ń ṣe é lé, a ó gbààwẹ̀, a ó ṣe ìṣọ́ òru, tí físà bá ti jáde a ó pa adìyẹ. Físà kàn ń mú ẹ wọlé ni o. Bó o ṣe máa ra síìmù, bó o ṣe máa gba yàrá, bó o ṣe máa ṣí àkáǹtì, bó o ṣe máa rí dókítà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ físà, ọwọ́ àwọn ìwé pẹ́pẹ̀pẹ́ tá a kì í kà sí ló wà.

Ní Ítálì, ọ̀gá wọn ni ohun tí wọ́n ń pè ní codice fiscale. Nọ́ńbà owó orí ni, àmọ́ kò sí ibi tí wọn ò ti ń béèrè ẹ̀. Mo lọ ra oògùn ọ̀fìnkìn, obìnrin tó ń ta oògùn ní "codice fiscale?", mo rò pé owó orí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ẹ̀ gbé oògùn sílẹ̀ kí n sá lọ.

Ọjọ́ kejì tí mo dé Turin ni mo lọ ra síìmù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè. Bọ̀dá tó wà níbẹ̀ bi mí lórúkọ, mo ní Funmi, ṣebí bí gbogbo ayé ṣe ń pè mí nìyẹn. Mo ní mi ò tíì gba codice fiscale, ó ní kò séwu, ó tẹ nǹkan sórí fóònù ẹ̀, codice kan jáde, ó fún mi ní síìmù, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú mi dùn pé ìlú yìí mà ń yá. Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ orúkọ mi sórí ìkànnì ilé ìwé, mo kọ Funmilayo, torí òun ló wà lórí sátífíkéètì tí mo gbé wá láti ilé, ìkànnì náà sì bá mi pe codice tiẹ̀ jáde. Ìgbà tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tó lọ sí ọ́fíìsì owó orí fúnra mi, Agenzia delle Entrate, àwọn wo páspọ́ọ̀tù mi, Olufunmilayo ló wà níbẹ̀, wọ́n fún mi ní tiwọn, èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Ẹ wá wo ibi tó ti dọ̀rọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 ni codice yẹn, inú orúkọ ẹ sì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ wá látinú orúkọ ìdílé, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e wá látinú orúkọ tìẹ. Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n ń mú, tí ti orúkọ tìẹ bá sì ti tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkíní, ìkẹta àti ìkẹrin ni wọ́n ń mú. Ẹ gbé bébà, ẹ ṣe é wò. Funmi máa di FNM. Funmilayo máa di FML. Olufunmilayo máa di LNM. Olú kékeré tí ìyá mi fi síwájú orúkọ mi láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ti sọ mí di ẹlòmíràn. Láàárín oṣù kan ẹni mẹ́ta ni mí ní Ítálì, mo sì ń dá gbé.

Ìyókù nọ́ńbà yẹn dùn-ún gbọ́, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́. Ọdún ìbí ló tẹ̀ lé e, lẹ́tà kan fún oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí, tó o bá jẹ́ obìnrin wọ́n á fi 40 kún un. Ọjọ́ kejìlá oṣù ni wọ́n bí mi, mo rí 52 lára tèmi, mo ní haa, wọ́n ti sọ mí di ìyá àgbà, àfìgbà tí bàbá tó wà ní káúńtà ṣàlàyé. Lẹ́yìn ìyẹn Z335, Nàìjíríà nìyẹn, gbogbo wa tí wọ́n bí síbí la jọ ń jẹ́ Z335, à báà wá láti Iléṣà à báà wá láti Kánò. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn, wọ́n fi ń yẹ ìyókù wò ni.

Mo ti gba ojúlówó, mo rò pé ó ti tán. Mo lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù àti codice tó tọ́, wọ́n béèrè nọ́ńbà fóònù, mo fún wọn ní nọ́ńbà tí mo ń lò. Ta ló ni nọ́ńbà yẹn? Funmi ni, FNM, ẹni tí kò sí láyé.

Oṣù kejì, wọ́n jí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì. Mo sáré lọ gba síìmù mi padà, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gba páspọ́ọ̀tù mi, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà, ó ní nọ́ńbà yìí kì í ṣe tèmi. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹni tó ni ín, codice ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, òun ò lè gbé nọ́ńbà ẹlòmíràn fún mi. Kẹ́ ẹ sì wò ó o, òótọ́ ló ń sọ. Báńkì náà ò jẹ́ kí n wọlé, orí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, rẹ́ǹtì sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ bàbá bàbá mi bá gbóná lára mi, mo jókòó sí báńkì, mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi fún mi lówó mi. Wọn ò mọ òṣómàáló níbẹ̀ o, sẹ̀kúríítì ló wá bá mi. Arábìnrin Edo kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló yá mi lówó rẹ́ǹtì, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí báńkì tó yí nọ́ńbà padà, mo sì kó páspọ́ọ̀tù, codice àti rìsíìtì permesso, ìyẹn ìwé àṣẹ láti gbé ìlú wọn, lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìwé permesso yẹn náà ní tiẹ̀. Tó o bá dé Ítálì láti ilẹ̀ tí kò sí nínú EU tó o sì fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fún ẹ láti béèrè ẹ̀. Pósí-ọ́fíìsì lo ti máa gba àpò fọ́ọ̀mù, wàá ra sítáǹbù 16 yúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìgá, wọ́n á já rìsíìtì fún ẹ, wọ́n á sì fún ẹ lọ́jọ́ tí wàá lọ tẹ̀ka ní Questura, ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá. Rìsíìtì yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bíi rìsíìtì sùpamákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ òun nìkan lẹ ní títí káàdì á fi jáde, tèmi gbà tó oṣù méje. Mo wé e sínú nọ́lọ́ǹ bí owó àjọ. Òun náà ni mo fi gba ìwé ìtọ́jú ìlera, 149.77 yúrò lakẹ́kọ̀ọ́ ń san lọ́dún nígbà yẹn, láti 2024 ó ti di 700, ẹ tètè fi sínú ìṣirò yín.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá mi. Màámi di ẹrù ránṣẹ́, gàrí, ẹ̀gúsí, ìró àdìrẹ kan, ó fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun. Ó kọ orúkọ sí i lára fúnra ẹ̀, lẹ́tà gbàgìdìgbàgìdì: SISTA FUNMI ỌMỌ MI. Ẹni tó gbé e wá ò bá mi nílé, ó lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé kí n wá gbà á ní pósí-ọ́fíìsì. Mo débẹ̀, mo fa páspọ́ọ̀tù yọ, bàbá ibẹ̀ ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, S-I-S-T-A, ó bi mí bóyá orúkọ ìdílé mi ni Sista. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé "ọmọ mi" fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo pe Màámi lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sójú bàbá yẹn, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá ẹrù padà sẹ́yìn káúńtà. Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí bébà rẹ́ǹtì mi ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn, torí ó bá ti ara ẹrù mu. Látìgbà yẹn Màámi kì í kọ ọ́ mọ́, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kóun ní kí wọ́n dà á kọ.

Ìgbà tí ilé ìwé wá rí i pé Funmilayo ló wà lórí sátífíkéètì, Olufunmilayo lórí páspọ́ọ̀tù, wọ́n ní kí n mú ìwé wá pé ẹnì kan náà ni. Ìyẹn ló gbé mi dé ẹ́ḿbásì wa ní Róòmù, mo gba lẹ́tà, mo gbé lẹ́tà lọ sí Prefettura, ọ́fíìsì ìjọba wọn, kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀, sítáǹbù 16 yúrò míì. Nítorí O, L àti U.

Nǹkan méjì míì kí n tó gbàgbé. Ẹ má fi páspọ́ọ̀tù ṣe ìdógò fún lọ́ńlọ́ọ̀dù kankan, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Fótókọ́pì ló lẹ́tọ̀ọ́ sí. Fótókọ́pì náà, ẹ kọ déètì àti ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ fún un gba àárín ẹ̀ kọjá, kó má baà di pé wọ́n fi ra nǹkan míì lórúkọ yín. Mi ò mọ èyí níbẹ̀rẹ̀, mo ń pín fótókọ́pì kiri bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ìwé ọmọ-bíbí ìlú tí mo gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí mo gbé dání tìyangàntìyangàn, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ohun tí mo sọ fún Dèjì nìyẹn lórí ẹní. Nínú gbogbo ìwé yìí, WAEC àti sátífíkéètì ló le jù láti yí, torí náà òun ni kó o fi ṣe òpó, kó o wá fa àwọn tó kù wá bá a. NIN ṣeé tún ṣe. NIN sì ni wọ́n fi ń ṣe páspọ́ọ̀tù, ohun tó bá wà nínú ẹ̀ ló máa jáde lórí páspọ́ọ̀tù, kó o má sáré lọ ṣe páspọ́ọ̀tù kó o tó tún NIN ṣe. Ibi tí Samuel ti ṣíwájú Ayodeji, kó ṣíwájú níbi gbogbo. Àfidáfíìtì ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, kó o tọ́jú ojú ewé ìwé ìròyìn náà fúnra ẹ̀, kì í ṣe fọ́tò ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé torí 'Ayo' tó wà lórí ìwé ìbí nìkan náà ni màá ṣe lọ sí kóòtù?" Mo ní, "Bọ̀dá FNM, jọ̀ọ́, má bi mí."

Mọ́ńdè la ń lọ. Mo ti ní kó má wọ sílípáàsì.