Bí ẹ bá ti la sàìlẹ́ńsà ẹ̀rọ ìgégi, ẹ tún kabúrétọ̀ rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé igi tí ẹ ń kó pákó rẹ̀ wá sí Bódìjà, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹ̀rọ tí wọ́n lu ihò sí sàìlẹ́ńsà rẹ̀ kí ó lè lágbára ti kúrò ní bí ilé-iṣẹ́ ṣe sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èéfín ń yára jáde, afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n epo tí kabúrétọ̀ ń bù sílẹ̀ kò tó o mọ́. Ohùn rẹ̀ á máa han gooro, á sì dùn létí. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Inú epo yẹn kan náà ni ọ́ìlì písítìn wà. Bí epo bá dín, ọ́ìlì dín, písítìn á sì máa ha láti ojú ibi tí èéfín ń gbà jáde.

Èmi kì í fọwọ́ kan sukúrù kankan láì kọ́kọ́ fọ fílítà afẹ́fẹ́. Bí fílítà bá dí, ẹ́ńjìnnì á ṣe bí ẹni pé epo pọ̀ jù. Ẹ ó bá a dín epo, ẹ ó fọ fílítà lọ́la, písítìn á jóná. Ẹ wo fílítà inú táǹkì, kí ẹ sì pọ́n ṣéènì. Ní ti epo, 20 mílílítà ọ́ìlì two-stroke sí lítà pẹtiróòlù kan ni 50:1, 40 mílílítà ni 25:1. Èyí tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Ẹni tó bá ń bu ọ́ìlì kún un nítorí ìbẹ̀rù, àyè pẹtiróòlù ló ń gbà. Bí ìwọ̀n bá ti yí, ẹ tún un sẹ́ẹ̀tì.

Sukúrù mẹ́ta ló wà lára kabúrétọ̀: L ni ti sìló, H ni ti eré, LA, tí ilé-iṣẹ́ Husqvarna ń kọ ní T, ló ń gbé ìdúró rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá yí L tàbí H sí ọ̀tún, epo dín. Sí òsì, epo pọ̀. Ẹ rọra dì wọ́n títí wọn yóò fi kan ìdí (ẹ má fún wọn, ẹnu abẹ́rẹ́ wọn á bàjẹ́), kí ẹ wá tú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyípo kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ẹ wá ibi tí L ti mú kó yára jù, kí ẹ tú u padà díẹ̀ sí òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi LA sọ ọ́ kalẹ̀ títí ṣéènì kò fi ní yí mọ́.

H ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ tú u ní ìdámẹ́jọ àyípo lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ ohun ìmúyára ẹ̀rọ dé òpin fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ń gbọ́ fún ni kí ó máa kólòlò lófuurufú, kí ohùn rẹ̀ sì là gaara bó bá ti wọ igi. Ìrókò tàbí apá ni kí ẹ fi dán an wò. Àràbà rọ̀ jù, kò ní sọ òtítọ́ fún yín. Bó bá ṣì ń kólòlò nínú igi, epo ti pọ̀ jù. Bí kò bá kólòlò rárá, ẹ tú u sí i.

Àmọ́ kọ́ìlì àwọn ẹ̀rọ kan, èyí tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, máa ń gé iná bí eré bá pọ̀ jù, ìyẹn náà sì ń dún bí akólòlò. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń rò pé epo ni, tí wọ́n á tún dín in kù. Ẹ kọ́kọ́ tú H dáadáa títí ohùn á fi wúwo, kí ẹ máa dín in bọ̀ láti ibẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń tú H tí ariwo kò dínkù, tàbí tí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ tí eré kò tètè sọ̀kalẹ̀, ẹ fi sukúrù sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń jò wọlé: rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ sílíńdà, tàbí ọ́ìlì síìlì. Rírà ni wọ́n, kì í ṣe sísẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gé igi díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Àwọ̀ àkàrà tó jinná ló dára. Funfun bí ẹfun léwu. Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan lẹ fi sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òwúrọ̀ ọyẹ́ á tún mú epo dín, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ki ju ti ọ̀sán lọ. Ẹ tú H ní ìdámẹ́jọ àyípo kí ẹ tó wọ oko.