Láti CMS dé Bàrígà: Mo ń wá Macaulay tó jẹ́ bàbá

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ l'Ékòó rí mọ CMS, ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ajíhìnrere Church Missionary Society. Ojoojúmọ́ ni kọ̀ńdọ́ ń pè é, àmọ́ ilé-ìwé gírámà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn kò sí lágbègbè Màrínà mọ́. Láti 1959 ló ti kó lọ sí Bàrígà. Mo kàn fẹ́ tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, nítorí Thomas Babington Macaulay tó dá a sílẹ̀.

Mo gba Broad Street lọ. Báńkì lọ́tùn-ún, ọ́fíìsì lósì, àwọn tó ń ta ṣájà fóònù sì ti gba etí títì. Ojú títì yìí ni ilé kékeré kan wà láyé ọjọ́un tí wọ́n ń pè ní Cotton House. Ibẹ̀ ni Macaulay kó ọmọkùnrin mẹ́fà jọ sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, 1859. Mẹ́fà péré, inú ilé-ìwé ni gbogbo wọn sì ń gbé. Látìnì, Gíríìkì, ìṣirò, jiọ́gíráfì, Bíbélì: ó ń kọ́ wọn ni ṣáá. Ìgbà tí Ọba Dòsùnmú fi máa tọwọ́ bọ̀wé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ilé-ìwé yìí ti lé lọ́dún méjì!

Owó ńkọ́? Kápútéènì James Labulo Davies, oníṣòwò ńlá, ló yọ £50 sílẹ̀ tí wọ́n fi ra ìwé àti irinṣẹ́ láti London. Òun kan náà ló wá fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin Victoria. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

“Yàbá! Yàbá! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Mo wọlé.

Bàbá tó bí Macaulay, Òjó Oriare, ará Ìkìrun ni. Wọ́n kó o lẹ́rú, Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, Sierra Leone ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Macaulay sí ní 1826. Ó kàwé dé London, ó di àlùfáà, ó fẹ́ Abigail, ọmọ Àjàyí Crowther. Ọmọ ẹni tó ti ọwọ́ ajínigbé bọ́ fẹ́ ọmọ ẹni tó ti ọwọ́ ajínigbé bọ́, wọ́n wá padà sílé wá fi ìwé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lójú tèmi, èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n gbẹ́ ère fún.

Àmọ́ Herbert Macaulay, ọmọ wọn tó di olóṣèlú, ló ni ère tó wà ní Sábó. Òun ló ni títì tí danfo wa ń tọ̀, òun ló sì wà lára náírà kan àtijọ́. Ó tọ́ sí i, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló darí ilé-ìwé yẹn títí tó fi kú ní 1878, ta ló ń dárúkọ ẹ̀?

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Bàrígà lásìkò tí àwọn ọmọ ń jáde. Mo ra bọ̀ọ̀lì.

“Ìyá, ẹ mọ Macaulay?”

“Ti ara owó? Ta ni ò mọ̀ ọ́n! Òun ló dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀ kẹ̀.”

Ọmọkùnrin kan tó ń dúró de tirẹ̀ dá sí i: “Ẹ má bínú, mà. Bàbá ẹ̀ ni. Wọn ò tíì bí Herbert ní 1859.”

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀, ó bu ẹ̀pà lé bọ̀ọ̀lì rẹ̀.

Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá wọ́n ṣì ń kọ́ wọn ní Gíríìkì. Ó ní, “Gíríìkì kẹ̀? Kọ̀ǹpútà ni, mà.”