Ẹ Má Tíì Tà Á: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Báàgì àti Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀

Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara yín rán báàgì tàbí aṣọ ìbora alábùlẹ̀ ní Àbújá yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni, "Èló lẹ̀ ń tà á?" Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á bi yín, àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì á bi yín, ẹni tí ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀ láti Kubwa dé Wuse náà á wo báàgì ọwọ́ yín, á sì bi yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì dárúkọ owó fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fojú rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó yára gba owó: oníbàárà ló ń yan àwọ̀ fún wọn, oníbàárà ló ń dá ọjọ́, kò sì pẹ́ tí abẹ́rẹ́ fi di ọ̀gá kejì lẹ́yìn ọ̀gá ibi iṣẹ́. Èmi ò fẹ́ ọ̀gá kejì. Mo fẹ́ nǹkan tí mo lè gbé sórí itan nírọ̀lẹ́, tí ọkàn mi á fi balẹ̀, bóyá iná wà tàbí kò sí.

Ẹ má sì lọ ra aṣọ. Ẹ ṣí àpótí. Ilé Yorùbá wo ni kò ní aṣọ ẹbí tó ti di òkìtì? Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọ, ìṣílé: a wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ká a pamọ́, ó tán. Lára aṣọ ìbora tó wà lórí ibùsùn àwọn ọmọ mi, aṣọ aláwọ̀ ewé tí a wọ̀ sí ìsìnkú ìyá ọkọ mi ní Ọ̀fà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a wọ̀ nígbà tí àbúrò mi gbéyàwó ní Kàdúná. Àwọn ọmọ á fi ìka tọ́ ọ, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ta ló ni ìnáwó tèyí?" Mo sì máa ń sọ fún wọn. Ọmọ tó ń dàgbà síbi tó jìnnà sílé báyìí nílò kí ẹnìkan máa sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Tí tiyín ò bá tó, ẹ bẹ télọ̀ yín kó má da ìgékù aṣọ nù. Inú wọn á dùn pé ẹnìkan bá wọn kó o kúrò nílẹ̀.

Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí síṣọ́ọ̀sì tó kàn án. Àǹkárá máa ń sún kì nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án, bí ẹ bá sì rán èyí tó ti sún kì mọ́ èyí tí kò tíì sún kì, ojú ẹ̀ á wú níbì kan, á fà níbòmíì. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú ní tirẹ̀ máa ń ṣí àwọ̀. Ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ omi títí omi fi máa mọ́, kí ẹ sì sá a síbi òjìji, nítorí oòrùn oṣù kẹta ní Àbújá kì í ṣojú àánú fún aṣọ aláró. Aṣọ òkè ò gbọdọ̀ wọ omi rárá. Bí síṣọ́ọ̀sì bá sì ti kàn án, fọ́nrán rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lójú kan, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e. Ní ti léèsì, ẹ jẹ́ kó sinmi nínú àpótí. Ihò rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora ọmọ ọwọ́. Ẹ gé páálí líle kan sí ínǹṣì 5 níbùú, 5 lóròó, kí gbogbo aṣọ tí ẹ bá gé bá a dọ́gba. Ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì ni kí abẹ́rẹ́ fi jìnnà sí etí aṣọ, kó má dín, kó má lé. Bí ìránpọ̀ bá ti jẹ ìwọ̀nyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ínǹṣì 4 àti ààbọ̀ ló kù nínú ègé kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó, ègé 64 nìyẹn, yóò sì fún yín ní ínǹṣì 36 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ gbogbo ojú ìránpọ̀ kí ẹ tó rán òmíràn mọ́ ọn. Àwọn kan rò pé áyọ́ọ̀nù wà fún ìparí iṣẹ́ nìkan, ṣùgbọ́n èmi sọ pé ìdajì iṣẹ́ yìí, ọwọ́ áyọ́ọ̀nù ló wà.

Nípa àwọ̀, ẹ tẹ́ gbogbo ègé yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ tó rán ẹyọ kan. Àǹkárá aláriwo ò gbọdọ̀ dojú kọ àǹkárá aláriwo. Ẹ fi aṣọ tí kò lọ́nà lára là wọ́n láàárín, kí ojú rí ibi sinmi. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí àyè bá wà. Ohun tó wuyì lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù lè má wuyì láàárọ̀.

Aṣọ mẹ́ta ló ń di ọ̀kan: tòkè, tàárín, tìsàlẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni láti ìlú òtútù á ní kí ẹ fi fáíbà tó nípọn sáàárín. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn bora ní Àbújá? Ẹ lo bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ tàbí ìró òwú tó ti rọ̀. Bí ará Jọ́ọ̀sì bá ni ẹ ń rán an fún, ìyẹn yàtọ̀. Ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì sáàárín rẹ̀. Ẹ wá fi òwú gígùn gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ láti àárín gbùngbùn jáde sí etí, kó má baà kákò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìránwẹ́wẹ́ gan-an, ìyẹn rírán wẹ́wẹ́ tó máa so aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ìránwẹ́wẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan láti Kánò ni mo ti kọ́ ọ. A jọ ń gbé àgbàlá kan náà ni, iṣẹ́ ọwọ́ tó sì ń ṣe ni kó máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára fìlà àwọn ọkùnrin. Òwú rẹ̀ kì í gùn ju apá lọ, torí òwú tó bá gùn jù á lọ́ pọ̀. Kókó rẹ̀ kì í sí níta: á fà á díẹ̀, kókó á wọ inú aṣọ, ó parí. Bó bá sì rí i pé mo ń kánjú, á ní, "A hankali, Hajiya, a hankali," ìyẹn ni pé kí n rọra. Kirisẹ́ńì ni mí, ṣùgbọ́n Hajiya tó ń pè mí yẹn máa ń dùn mọ́ mi.

Àwọn kan máa ń ní nǹkan òyìnbó ni mò ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀kú eégún níbi tó ti ń yí, tí àbùlẹ̀ oríṣiríṣi ń fẹ́ sókè, ti rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń rán ègé aṣọ pọ̀ di ẹwà. Níhìn-ín ní òkè ọya náà, àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́ máa ń wọ aṣọ ogun fún ẹṣin wọn, lifidi lorúkọ rẹ̀: òwú àràbà ni wọ́n kì sáàárín aṣọ, tí wọ́n wá rán an ní ìránmọ́ra kó má baà sún. Oyè Sarkin Lifidi, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin oníílifidi, ṣì wà láàfin títí di òní, ẹ ó sì rí ẹṣin tó wọ̀ ọ́ nígbà Hawan Sallah, ìwọ́de ẹlẹ́ṣin ìgbà ọdún Mùsùlùmí. Aṣọ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kan: iṣẹ́ kan náà ni. Lókè òkun náà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti abúlé Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, aṣọ iṣẹ́ oko tó ti gbó ni wọ́n fi ń rán tiwọn. Ní 2002, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ síbi ìpàtẹ ní Whitney, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní New York, nígbà tó sì di 2006, ìjọba Amẹ́ríkà fi àwòrán rẹ̀ sí ojú sítáǹpù. Àwọn baba wa ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ lò tọ́.

Báàgì rọrùn jù. Jíìnsì àtijọ́ ló dára jù fún ìta rẹ̀, àǹkárá fún inú. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì nọ́ńbà 16 ni kí ẹ fi rán jíìnsì, kí òwú yín sì jẹ́ polyester, torí ẹrù máa ń já òwú lásán. Tí ẹ bá fẹ́ kó lè dúró fúnra rẹ̀, ẹ lẹ hard stay, èyí tó le ju gum stay lọ, mọ́ aṣọ ìta. Fún ìdí rẹ̀, ẹ na igun kọ̀ọ̀kan di ṣóńṣó, ẹ fa ilà kọjá níbi ínǹṣì 2 sí orí ṣóńṣó náà, ẹ rán an lórí ilà: ìdí báàgì á fẹ̀ tó ínǹṣì 4. Ibi tí ọwọ́ báàgì bá ti wọlé ni ẹrù ti ń fà á, nítorí náà ẹ rán an yíká ní igun mẹ́rin, kí ẹ tún rán an ní àgbélébùú láàárín. Ẹni tó bá ń lo máṣíìnì, kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà ọyẹ́, kó sì kán òróró sí i, nítorí eruku ìhín àti ìdọ̀tí òwú máa ń di amọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọjà le, àwọn míì á sì ní kí n jẹ́ káwọn jẹun. Mi ò ní kí ẹ má tà láéláé. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ ohun tó fẹ́, tí ẹ lè sọ fún oníbàárà pé "àwọ̀ yìí ò bá èyí mu" láìbẹ̀rù, ẹ ta báàgì. Báàgì ṣeé parí láàárín ìrọ̀lẹ́ kan sí méjì, ẹ lè ka owó aṣọ, síìpù, òwú, kí ẹ sì fi owó iṣẹ́ lé e. Aṣọ ìbora tí ẹ fọwọ́ rán kò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń jẹ, kò sì sí ẹni tó máa san owó ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn fún yín láìnáà á. Ẹ fi í ta ọmọ tuntun lọ́rẹ, ẹ fi í fún ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ. Ẹni tó bá sì tẹnu mọ́ ọn pé òun gbọ́dọ̀ rà á, ẹ ní kó lọ kó aṣọ ẹbí tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, kó mú abẹ́rẹ́ dání, kó wá jókòó tì yín.