Ẹsẹ̀ Tanímọ̀la àti ìkánjú mi

Ẹni tó bá wọ ilé wa ní Kétu lónìí á bá ajá gíga kan tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dìde, tí ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti iwájú kọjú síta díẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti wá.

Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Ọmọ ajá Jámánì ni, èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní berger. Porto-Novo ni mo ti rà á nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ouando, tí mo ń pè ní Tàǹtí, mú abo kan nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Olè ń yọ wá lẹ́nu nígbà náà. Wọ́n ti kó àpò àgbàdo mẹ́ta lọ ní àká ìyá mi, mo sì fẹ́ ajá tí olè á rí tí á fi yà gba ibòmíràn. Mi ò ní sùúrù àtidúró dọdún kan ààbọ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oúnjẹ sí i lẹ́nu. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, àti ìgbàkígbà tó bá ti wojú mi: akásà, orí ẹja, ẹran, ẹyin. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin ajá ní kí n máa da omi kálísíọ̀mù tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ sí i, kí eegun rẹ̀ lè le. Mo ra ìgò méjì. Ìyẹn ò tó mi, mo tún ń lọ èèpo ẹyin kúnná, mo ń bù ú lé e. Nígbà tó máa fi pé oṣù mẹ́ta, ó ti sanra bí ọmọ alákàrà. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú ìtọ́jú, orí mi ń wú. Tàǹtí pè mí láti Ouando pé ti òun tín-ín-rín, mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mo so ó mọ́, níbi tí a tẹ́ kárò dídán sí. Ó máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa fi ṣe ẹ̀rín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo pè é, ó dìde, ọrùn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó ń gbọ̀n. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yà gbàgà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Mo rò pé ẹnì kan ló gbá a. Ìyá mi ní kálísíọ̀mù ni kò tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní ajá Ògún ni, kí n má fi owó ṣòfò lórí rẹ̀ (ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn ajá). Bàbá kan tó ń to egungun ládùúgbò fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, ó fi ọparun dè é. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ọparun yẹn sílẹ̀, àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì bó.

Dókítà ẹranko tí mo wá lọ bá kò tilẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń jẹ? Orí kí ló ń sùn?” Mo ka oúnjẹ náà fún un. Nígbà tí mo dé orí ìgò kálísíọ̀mù, ó mi orí.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi rèé. Ọmọ ajá ńlá kì í ṣe ọmọ ajá kékeré tí a fi oúnjẹ fẹ̀. Ibi orí eegun rẹ̀ tí eegun ti ń gùn ṣì rọ̀, kò sì ní dì tán títí di nǹkan bí oṣù 12 sí 18. Àwọn tó tóbi jù ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara bá wúwo kí eegun àti iṣan tó gbó, ẹsẹ̀ ló ń ru ẹrù náà. Ti kálísíọ̀mù burú ju ti ọ̀rá lọ. Kí ọmọ ajá tó pé nǹkan bí oṣù 6, ìfun rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń kọ èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá ṣe ń bù ú sí i ló ń gbà á wọlé, eegun á sì dàgbà lódì. Ẹran nìkan náà kì í ṣe oúnjẹ, nítorí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó rárá. Ìdí nìyí tí dókítà fi ní kí n yé dọ́gbọ́n sí i fúnra mi, kí n ra oúnjẹ tí wọ́n kọ “chiot grande race” (ọmọ ajá ńlá) sára rẹ̀, kí n má sì tún fi nǹkan kan kún un. Ó wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kò lówó rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín ṣètò ohun tí ẹ ó máa sè.

Mo kó o kúrò lórí kárò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo da yanrìn síbẹ̀. Agolo wàrà ni mo fi ń wọn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo sì ń palẹ̀ èyí tó bá ṣẹ́kù mọ́. Kò sí fífò láti orí ọkọ̀ mọ́, kò sí sísáré tẹ̀lé ọ̀kadà mi. Ó ń rìn díẹ̀ nínú koríko, bó bá jókòó, a jókòó. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti na. Ìka rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó kó jọ. Ti òsì tó kọjú síta kò padà tán.

Ẹ fọwọ́ pa ìhà ajá yín. Ó yẹ kí ẹ máa ka eegun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ìbàdí rẹ̀ sì fún wọnú bí ẹ bá wò ó látòkè. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tọ́ ajá Labrador 48 títí wọ́n fi kú, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín oúnjẹ wọn kù sí ti ọmọ ìyá wọn fi bí ọdún méjì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ, oríkèé ìbàdí wọn sì dára jù.

Nígbà tó pé ọmọ oṣù mẹ́jọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀tún iwájú ni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó di òsì ẹ̀yìn. Dókítà fọwọ́ tẹ àárín eegun gígùn, ajá ké. Ó ní ìrora inú eegun tó máa ń ṣe ajá ńlá tó ń dàgbà ni, tó ń ṣí láti ẹsẹ̀ kan sí òmíràn, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Aládùúgbò mi kan ti mú ibuprofen, oògùn ìrora tí èèyàn ń lò, wá fún un. Mo dúpẹ́ pé mi ò tíì lò ó, torí oògùn yẹn ń dá egbò sí ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Àwọn èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró wò ni: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń wọ́ nígbà tí èkejì tọ́, pàápàá bó bá ti já bọ́ rí, òkè ọrùn ẹsẹ̀ tó wú tó sì gbóná, tí ajá kò jẹun, àti ọmọ ajá tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro. Ti àkọ́kọ́ yẹn, àsìkò tí eegun ṣì ń gùn ló dára jù kí wọ́n tún un ṣe.

Lópin ọdún, Tàǹtí mú tirẹ̀ wá láti Ouando. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ga dọ́gba. Tàǹtí wo ẹsẹ̀ wọn títí. “Ọkọ mi,” ó ní, “bu omi fún wọn.”