Igi Tí Kò Ṣe Ìbòòji

Ọjọ́ Jímọ̀, ilẹ̀ ti ṣú.

"Igi tí ò níí ṣe ìbòòji fún ẹnì kankan, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ìyá kan ló sọ ọ́ lọ́sàn-án. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ tó ru ẹrù tẹ̀lé wọn ni. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wo atẹ́ amọ̀ tí mo fẹ́ gbé igi kékeré kan sí, igi tí a gé kúrú, tí gbòǹgbò rẹ̀ dì mọ́ òkúta, wọ́n sọ ìyẹn, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò fi ṣẹ̀sín, ohùn wọn ò sì le. Bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó kúrò létí.

Òjò òru àná mú kí ilẹ̀ tutù. Wọ́n kírun Jímọ̀ tán, oòrùn yọ. Òkúta onímú náà ti kúrò nínú iyanrìn tí a rì í sí, ó ti bọ́ sórí atẹ́ tòun ti òdán tó dì mọ́ ọn. Iná ò sí títí di ìsinsìnyí. Ọjọ́ òní ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní bougainvillea ni wọ́n rí ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn mí tó báyìí. Bougainvillea ò tilẹ̀ fẹ́ òkúta, gbòǹgbò rẹ̀ á dá bí a bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n òdán ni. Òdán tí wọ́n ń gbìn síwájú ààfin àti sáàárín ọjà, tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìbòòji ni iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. A wá gé gbòǹgbò ìdí rẹ̀, a gé orí rẹ̀, a ní kó má ga ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó jọ pé ìbéèrè ìyá náà tọ̀nà.

Síbẹ̀, òdán kì í fi gbogbo ìgbà bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, á yàgbẹ́ sórí àlàpà tàbí sí ọrùn ọ̀pẹ, ibẹ̀ ni yóò ti hù, tí gbòǹgbò rẹ̀ á máa wá ilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn láàárín agboolé àtijọ́ ní Ìlọrin á ti rí i. Òun ló fi jẹ́ pé kò sí igi tó rọrùn fún iṣẹ́ gbígbin igi lé òkúta níbí bíi tirẹ̀. Ohun tí à ń kọ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Kò mọ gbogbo rẹ̀ ṣá. Gbòǹgbò tí yóò gba ara òkúta sọ̀kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju òkúta lọ. Òkúta yìí ga ní 25 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà gbòǹgbò gbọ́dọ̀ tó 35, kí 10 lè wọ ilẹ̀. Òdán inú ike kékeré ò ní irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń yí po nínú ike. Ọdún kan ṣáájú la ti ń gbìn ín sínú páìpù oní-ínṣì 4 tí a gé ní 40 sẹ̀ǹtímítà, iyanrìn lásán nísàlẹ̀, ilẹ̀dú díẹ̀ lókè, kí gbòǹgbò máa wá omi lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á fo èyí, á so gbòǹgbò kúkúrú mọ́ àárín òkúta. Nígbà tí igi bá gbẹ, á ní òkúta ló pa á.

Òkúta náà ní tirẹ̀. Yangí ń fa omi mu, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ nínú òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í rún, gbòǹgbò ò ní rí nǹkan dì mú mọ́. Òkúta funfun tó ń dán ò ní ojú tí gbòǹgbò lè fi mú un. Akọ òkúta tó rí págunpàgun, tó ní ìlà àti kòtò lára, òun la fẹ́. Ẹ da omi lé e lórí: ibi tí omi bá gbà ṣàn, tó sì dúró díẹ̀, ọ̀nà gbòǹgbò nìyẹn. Ẹ fi òòlù kàn án wò pẹ̀lú. Bó bá dún bí ìkòkò tó sán, ó ti là nínú.

Òkúta. Ara òkúta ni Ìlọrin yìí ti gba orúkọ, bí ìtàn tí wọ́n ń sọ ní àdúgbò Ìdí-Àpè ṣe wí: òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin. Òun náà ò ṣe ìbòòji fún ẹnì kankan. Mo ti fẹ́ fi ìyẹn dá ìyá náà lóhùn nínú ọkàn mi, àfi bí mo ṣe rántí pé irin ni wọ́n ń lọ̀ lórí rẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ kó tó di orúkọ. Nítorí náà…

Amọ̀ tí yóò bo gbòǹgbò lára òkúta ńkọ́. Amọ̀ dúdú agolo 2, ilẹ̀dú tí a ti jọ̀ agolo 1, èèpo àgbọn tí a já wẹ́wẹ́ agolo 1. A ó pò ó títí yóò fi le bí ẹ̀bà. Bí a bá fún un, omi ò gbọdọ̀ kán. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta, kò gbọdọ̀ yọ̀ bọ́. Kí amọ̀ pọ̀ jù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Bí ọyẹ́ bá dé, á sán, á sì fa gbòǹgbò kúrò lára òkúta. Bí ilẹ̀dú ló bá pọ̀ jù, òjò ńlá kan á fọ̀ ọ́ lọ.

Kí amọ̀ tó dé ni wáyà ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wáyà iná 1.5 tó jẹ́ kọ́pà kan ṣoṣo nínú ni, a ó bó o, a ó fi sínú ẹyin iná títí yóò fi pọ́n, a ó jẹ́ kó tutù kó lè rọ̀. Ihò 6 mílímítà la ń fi dírílù lu sára òkúta, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, a ó ki wáyà bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí à ń po oríṣi méjì rẹ̀ pọ̀, ó di ọjọ́ kejì. Òkúta gbọ́dọ̀ gbẹ kí gọ́ọ̀mù tó lè mú un. Ìdí igi sì ni wáyà ń dì mú, kì í ṣe gbòǹgbò. Gbòǹgbò tí wáyà bá wé, bó ṣe ń sanra ni wáyà á máa gé e.

Abẹ́ òjìji la ti ń ṣe iṣẹ́ gbòǹgbò, kíákíá, pẹ̀lú aṣọ tútù nítòsí, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú oòrùn tó láti pa àwọn èyí tó rí bí irun. A ó fọ ilẹ̀ kúrò, a ó fi igi súyà tú u, a ó yan 5 tàbí 7 tó nípọn, a ó gé àwọn tó dábùú ara wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá gé ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Oje funfun á ya, ẹ máa fi omi tútù ṣàn án títí yóò fi dá. Ìdajì ewé náà á kúrò. A ó tẹ́ gbòǹgbò sínú ìlà òkúta, amọ̀ á bò ó, àjákù aṣọ òwú á wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́ á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, inú iyanrìn, títí dé ọrùn. Oṣù 3 la ò ní fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà náà, sẹ̀ǹtímítà 3 lóṣooṣù la ń wa iyanrìn kúrò lókè, lásìkò òjò nìkan. Bí ọyẹ́ bá bá yín lẹ́nu rẹ̀, ẹ dúró di òjò mìíràn.

Ọdún kan àti àbọ̀, nígbà mìíràn. Fún igi tí kò níí ṣe ìbòòji.

Nípa atẹ́, àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dádà mọ̀ ọ́n ṣe, bí a bá ti sọ ìwọ̀n fún wọn. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá gbẹ àti bó bá jóná, nítorí náà bí 60 sẹ̀ǹtímítà lẹ ń fẹ́, ẹ ní kí wọ́n mọ 66. Kí wọ́n lu ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí omi yóò máa gbà jáde kó tó wọ iná. Èyí tí a bá lu lẹ́yìn iná, àfàìmọ̀ kó má là. Àpáàdì wọn náà wúlò fún ilẹ̀ tí a ó dà sínú atẹ́. Àpáàdì tí a fọ́ wẹ́wẹ́ 2, iyanrìn odò 1, ilẹ̀dú 1. Ohun tó bá jò nínú asẹ́ èlùbọ́, ẹ dà á nù, òun ló ń dí ojú omi. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ló ń bo ihò.

Gbígbé òkúta sí i ló dùn mọ́ mi jù. Kì í ṣe àárín atẹ́. Ẹ gbé e sí apá kan, kẹ́ ẹ sì rì ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bí ohun tí ọmọdé gbàgbé síbẹ̀. Ìlà ara gbogbo òkúta gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà. Igi ńlá níwájú, kéékèèké lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jínjìn, tó sì gbójú sókè wo Òkè Sóbí, á mọ ohun tí mò ń sọ: igi ẹ̀gbẹ́ òkè ò ju ìka lọ lójú, síbẹ̀ ojú mọ̀ pé igi ni.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Toshio Kawamoto dá irú atẹ́ yìí sílẹ̀ ní Jàpáàn, ó pè é ní saikei. Igi àgbà ti ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ló bá ní kí wọ́n máa fi igi kékeré tí kò wọ́n to òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìlú tí ogun ti jó ni o. Ìbòòji ni wọn ì bá máa wá. Igi páìnì kékeré kan tí wọ́n gbìn sínú àwo sì wà ní Washington tí wọ́n ti ń tọ́jú láti 1625. Hiroshima ló wà nígbà tí bọ́ǹbù bọ́ ní 1945, ìdílé Yamaki fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976. Ta ló jókòó sábẹ́ rẹ̀ rí?

Ó kù ohun kan. Lóṣù Kẹta, tí ọ̀sán bá kọjá 35°C, òkúta á gbóná débi pé gbòǹgbò tó lẹ̀ mọ́ ọn lè jóná. Nítorí náà la fi ń jẹ́ kí ẹ̀ka apá ìwọ̀-oòrùn gùn, kó bo òkúta. Igi náà ń ṣe ìbòòji, fún gbòǹgbò ara rẹ̀ àti fún ewé wínníwínní tó ń hù lára òkúta. Inú mi dùn nígbà tí mo rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìyá náà ń bèèrè nìyẹn. Ẹnì kan ni wọ́n wí.

Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí atẹ́ kò gbọdọ̀ rí ajílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Abẹ́ òjìji ni yóò wà fún ọ̀sẹ̀ 3, omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo tún lọ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan. Omi ń dúró lápá òsì atẹ́, bóyá nẹ́ẹ̀tì ló ká. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, màá gbé e sókè wo ihò náà. Bí ìyá náà bá tún gba ibí kọjá, n ó fún wọn ní àga kí wọ́n jókòó.