Ìgbà Wo Ni Àpá Yìí Dé Ara Rẹ̀? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Kọ́ìnì Proof

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ kọ́ìnì àkójọ yìí, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bi ara yín kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun nígbà tẹ́ ẹ bá rí àléébù lára kọ́ìnì tuntun: ìgbà wo ló dé ibẹ̀? Ṣé kí wọ́n tó tẹ owó náà ni, àbí nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́? Ṣé ìgbà tí wọ́n ń dì í sínú ike ni, àbí Èkó níbí ló ti bá a? Ẹni tó bá rí ìdáhùn ló máa mọ̀ bóyá ká dá owó náà padà, tàbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, tàbí ká sọ fún oníbàárà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ilé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i yóò mú aṣọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ibẹ̀ ni owó ti ń bàjẹ́ pátápátá.

Proof kì í ṣe owó ìnáwó, kọ́ìnì tí wọ́n dìídì tẹ̀ fún àwọn tó ń kó owó jọ ni. Wọ́n máa ń gbo ojú òǹtẹ̀ rẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó, títí yóò fi dán gbinrin, wọ́n á gbo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ náà, wọ́n á wá fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibi tó tẹ́jú lára rẹ̀ á máa dán débi tẹ́ ẹ lè fi wo ojú yín níbẹ̀, àwòrán tó yọ sókè á sì funfun láìdán. Nítorí dídán yẹn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kà sí lára kọ́ìnì ọjà, gbangba ló máa ń hàn lára proof.

Ọ̀rọ̀ ìlà tín-ín-rín ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró tì dáadáa, torí òun ló ń fa ìjà jù. Oríṣi méjì ni ìlà yìí, wọ́n sì jọra lójú ẹni tí kò tí ì kọ́ ọ. Ọ̀kan yọ sókè lára owó, èkejì wọnú. Èyí tó yọ sókè, ara òǹtẹ̀ ló ti wá: lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi gbo òǹtẹ̀ ló fi ipa sílẹ̀ lójú rẹ̀, fàdákà sì wọ inú ipa yẹn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wọnú, nǹkan kan ló ha owó náà lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ tan iná kan ṣoṣo, ẹ pa èyí tó wà lókè àjà. Ẹ di owó náà mú ní etí, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí ìlà náà ń lọ. Lójú òǹtẹ̀, kòtò ni àwòrán jẹ́. Ibi tó tẹ́jú nìkan ni ohun tí wọ́n fi ń gbo ó máa ń bá. Nítorí náà, ìlà tó bá ti ara òǹtẹ̀ wá yóò sáré dé ẹsẹ̀ lẹ́tà tàbí iwájú orí ọba, yóò dúró síbẹ̀ gán-án, nígbà mìíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ lódìkejì. Èyí tí aṣọ tàbí ọwọ́ bá fà kì í dúró. Yóò gun orí lẹ́tà, yóò gba orí imú kọjá. Tí ẹ bá sì ní owó méjì tí òǹtẹ̀ kan náà tẹ̀, ẹ gbé wọn síra: ìlà òǹtẹ̀ yóò wà lára méjèèjì níbì kan náà.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Súrùlérè, gbé kọ́ìnì fàdákà kan tó ní orí ọba Gẹ̀ẹ́sì wá sọ́dọ̀ wa. Inú bí i gan-an, ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ó gun etí ọba, ó parí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo etí yìí nínú awò.” Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun fi aṣọ ìnujú nù ún díẹ̀ kí òun tó fi han àwọn ẹgbẹ́ òun. Ẹ má ṣe fi irú èyí bú ẹnikẹ́ni o. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi rà á, ó sì rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Òwú tàbí irun tó bá há sáàárín òǹtẹ̀ àti fàdákà máa ń fi kòtò kékeré tó lọ́ pọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀, etí rẹ̀ kì í sì í yọ sókè. Ilé ìtẹwó ló ni ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé nǹkan ló gún owó náà, irin tó tì kúrò níbẹ̀ yóò wú sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ náà.

Àbàwọ́n funfun tó máa ń yọ lára fàdákà ló ń dùn mí jù, torí kò ní hàn lọ́jọ́ tí owó bá dé. Ẹ óò gba owó tó mọ́ tónítóní, ẹ óò tì í mọ́ àpótí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ẹ óò rí i tó tò tótòtó bí ẹni ta wàrà sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí jù ni oògùn tí wọ́n fi fọ irin náà, tí wọn kò ṣàn dànù tán kí wọ́n tó gbé e sínú iná. Royal Canadian Mint, ilé ìtẹwó Kánádà, gbé ọgbọ́n kan jáde ní 2018 tí wọ́n pè ní MintShield láti dín in kù lára kọ́ìnì wọn tó ń jẹ́ Maple Leaf onífàdákà. Òtítọ́ ni pé Maple Leaf tí wọ́n ń sọ yẹn kì í ṣe proof, àmọ́ àìsàn kan náà ni. Aṣọ kì í mú un kúrò. Ṣe lẹ óò fi ìlà kún àbàwọ́n. Ohun tí agbára wa ká ni pé kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo owó lọ́jọ́ tó bá wọlé, iwájú àti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ sì mọ iye ọjọ́ tí ẹni tó tà á fún wa fi sílẹ̀ fún ìdápadà.

Àmì pupa lára wúrà, bàbà tí kò pò dáadáa tàbí ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á. Funfun àwòrán tó ń ṣá, òǹtẹ̀ tó ti tẹ owó púpọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ tiwa. Yàrá wa nítòsí Tinúbú kò jìnnà sí Marina, ọ̀rinrin ọ̀sà ń bá wa gbé, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Fàdákà kò fẹ́ sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) rárá, ó sì wà nínú èéfín yẹn, ó wà nínú rọ́bà tí ẹ fi ń di owó, ó wà nínú ọ̀pọ̀ páálí. Ẹ má jẹ́ kí rọ́bà sún mọ́ àpótí náà. Àpò ike rírọ̀ tó ń rùn bíi rọ́bà orí tábìlì tuntun, ẹ jù ú nù. Bó bá pẹ́, yóò fi nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ sára owó. Owó tó ti tutù nínú yàrá amúlétutù, ẹ má ṣí i nínú ooru, yóò làágùn. Tí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ dé owó padà kẹ́ ẹ tó lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ lórí owó tó wà ní ṣíṣí. Itọ́ tí ẹ kò rí lónìí yóò di àmì dúdú lọ́la.

Àwọn ẹbí kan máa ń gbé owó àtijọ́ wá pẹ̀lú. Ní oṣù Keje 1959 tí Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Royal Mint, ilé ìtẹwó Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló tẹ kọ́ìnì tuntun fún Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ díẹ̀ ní proof: kọ́bọ̀ (pẹ́nì ìgbà yẹn) àti àbọ̀ kọ́bọ̀ tó ní ihò láàárín, tọ́rọ́ onígun méjìlá, sísì tó ní kókó lẹ́yìn, títí dé ṣílè méjì. Tí àmì bá wà lára kọ́bọ̀ wọn, ọjọ́ orí ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ìyá àgbà ló ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ idẹ nílé wọn.

Àléébù mìíràn sì wà tó ń sọ owó di ọ̀wọ́n. Lẹ́tà S ló yẹ kó wà lára proof tí wọ́n tẹ̀ ní San Francisco ní Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kan lẹ́tà náà mọ́ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ lára òǹtẹ̀ dime (kọ́ìnì sẹ́ǹtì mẹ́wàá wọn) kan ní 1968, 1970, 1975 àti 1983. Ti 1975, méjì péré ni ayé mọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó pe nǹkan ní àṣìṣe tí à ń dá padà, ẹ fi í wé àwòrán tí ilé ìtẹwó gbé jáde, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì.

Tó bá wá kan lẹ́tà ẹ̀sùn, ẹ má kọ ọ́ pé owó yín kò dáa. Ẹ sọ ojú ibi tí àpá náà wà, bó ṣe gùn tó, bóyá ó kọjá lórí àwòrán àbí ó dúró. Ẹ má yọ owó náà kúrò nínú ike tó bá a dé. Ẹ fi fọ́tò méjì sí i, ọ̀kan tí iná ti ọwọ́ òsì wá, èkejì tó ti ọwọ́ ọ̀tún wá, kí ẹni tó máa kà á lè rí i fúnra rẹ̀ bóyá ìlà náà yọ tàbí ó wọnú.