Ọdún kan gbáko ni mo fi ń jókòó ti ọmọ mi nínú mọ́tò

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́ mi ní mọ́tò lórí pápá iléèwé kan n'Íjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ Sọ́ńdè méjì péré, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ní kí n gbé Peugeot 504 wọn lọ ra epo wá. Láísẹ́ńsì kẹ̀? Ta ló bi mí. Òfin wa náà sọ pé ó di ọdún 18 o, àmọ́ ẹ mọ̀ wá.

Ọmọ mi obìnrin pé 16 níbí ní Ontario ní Kánádà, ó ṣèdánwò, wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò, wọ́n fún un ní G1, ìyẹn láísẹ́ńsì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, mo ní ó ti parí. Parí kẹ̀! Ẹni tó ti ní láísẹ́ńsì fún ọdún 4 ó kéré tán gbọ́dọ̀ jókòó tì í, ọmọ fúnra ẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí, kò gbọdọ̀ wà á láàárín aago 12 òru sí 5 ìdájí, èmi ò sì lè ní kó gbé mi gba ẹ́kísíprẹ́ẹ̀sì 401. Odidi ọdún kan nìyẹn kó tó lè lọ ṣèdánwò ti G2, láísẹ́ńsì tó tẹ̀ lé e tó lè fi dá wà á, oṣù 8 tó bá lọ síléèwé dírẹ́bà tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ búrẹ́ẹ̀kì tí kò sí níbẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì ti gba fóònù lábẹ́ itan ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí náà kì í ṣe pé ọmọ ibí gbọ́n jù.

Èyí tó wù mí jù ni pé tó bá gba G2 tán, fún oṣù 6 àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 sísàlẹ̀ ló lè gbé lóru, àfi tó bá jẹ́ ará ilé. Òótọ́ ni, ọmọ tó dá wà á máa ń rọra, kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn ẹ̀ kí orin máa dún kó o wá wo ẹsẹ̀ ẹ̀.

Nílé ṣá, tí mo bá sáré ní títì Fọlágbadé, kí n tó délé ẹnì kan á ti sọ fún bàbá mi. Níbí ta ló mọ ọmọ ta ni?

Mo pe àbúrò mi, ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún 15 ló ń gbé ìyá ẹ̀ lọ ọjà Òkè-Àjé, ó sì ti ń já sí ẹ́kísíprẹ́ẹ̀sì Ṣàgámù sí Benin láàárín àwọn trélà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, "Bọ̀ọ̀dá mi, Kánádà ti sọ yín di ojo." A fà á títí, ó gbà pé ọmọ ò ní wà á lóru mọ́, kò sì ní gba ẹ́kísíprẹ́ẹ̀sì. Ti kíkó ọ̀rẹ́ ni kò gbà, ó ní ó di ẹ̀yìn Ojúde Ọba.